Ọ̀pọ̀ tí í Di Ọ̀wọ́n: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ẹ̀yà Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tù

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, kí àwọn tí ó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní, kí ni ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù? Ṣebí ọkọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ni? Ẹ fi ara balẹ̀ ná. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù tuntun ni ti ọlọ́rọ̀. Èyí tí ó ti lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún lójú pópó kì í wọ́n ọ̀dọ́ tí ń gba owó oṣù láti rà. Títọ́jú rẹ̀ ni ó lè wọ́n ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, nítorí ẹni tí kò ní owó púpọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò jù.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lójú ọ̀run, ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ náà ni Mazda MX-5, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Miata. Jàpáànì ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ìlú Hiroshima. Oṣù kejì ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn fún aráyé ní ìlú Chicago. Ìjókòó méjì péré ni ó ní, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ìwọ̀n èyí àkọ́kọ́ kò sì tó 1,000 kílógíráàmù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1996, oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ti wà nínú rẹ̀: èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, èyí tí ó dé ní ọdún 1993 sì jẹ́ lítà 1.8. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí orí wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó. Ní ọdún 2016, àpapọ̀ ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà rẹ̀, tuntun àti àlòkù, fi pọ̀ nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n níbi tí ọjà bá pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni àṣìyàn ń pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ ipa ọ̀nà tí agbára ń gbà láti ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì ń yí. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni irin rìbìtì kan wà tí a ń pè ní fúláíwíìlì. Kílọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ fúláíwíìlì yìí: òun ni í so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, òun náà ni í tú wọn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì ni gíábọ́ọ̀sì wà. Láti inú gíábọ́ọ̀sì ni ọ̀pá gígùn kan, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pùròpẹ́là, ti ń yí lọ sẹ́yìn, títí ó fi dé inú àgbá irin tí à ń pè ní dífù. Dífù yìí ni í pín agbára sí ọ̀tún àti òsì, tí ṣáàfù kúkurú méjì sì ń gbé e dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, ìyókù kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Ní báyìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.6. Kò pẹ́ tí mo rà á ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì a máa ké ramúramù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sáré ju bí ó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wo owó tí ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ya apá kan sọ́tọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ilé fún owó ilé-ìwé àbúrò mi, n kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ni mo bá wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ: mo ra pléètì kílọ́ọ̀ṣì nìkan, láìra ìdérí rẹ̀, láìra béárìn tí ń tì í. Bàbá ará Jàmáíkà kan tí ń ṣe mẹkáníìkì ni ó bá mi fi sí i. Ó bi mí léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí béárìn ni?” Mo ní èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ ṣì dára. Ó wò mí, ó mi orí, ó sì ṣe é bí mo ti wí.

Kò pé oṣù méjì tí béárìn àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kí a tó lè dé ọ̀dọ̀ béárìn kékeré yìí, àfi kí a tún sọ gbogbo gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Bí iṣẹ́ tí mo ti san owó rẹ̀ ṣe di iṣẹ́ tuntun nìyẹn. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún àbúrò mi ni mo fi san án, ọmọ náà sì dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n tó rí òmíràn fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó ta pléètì fún mi kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì kò jẹ̀bi. Èmi ni n kò ṣe ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò náà pọ̀ báyìí. Àwọn iye tí n óò lò kì í ṣe iye ọjà. Mo kàn fi ń ṣe àlàyé ni. Ká ní kílọ́ọ̀ṣì pípé, tòun ti ìdérí àti béárìn rẹ̀, jẹ́ 100 pọ́ùn. Ká ní pléètì nìkan jẹ́ 40, béárìn nìkan jẹ́ 20, owó iṣẹ́ sì jẹ́ 300. Ẹni tí ó ra odindi yóò ná 400 pọ́ùn, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tí ó ra pléètì nìkan yóò ná 340, inú rẹ̀ yóò dùn pé òun jèrè 60. Bí béárìn bá wá kú, yóò tún san 20 àti 300. Àpapọ̀ rẹ̀ di 660. Èrè 60 ti di àdánù 260. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nìyí: kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀yà ni kí a wò, iye tí yóò ná wa láti dé ibi tí ẹ̀yà náà wà ni kí a kọ́kọ́ wò. Ohun tí ó bá wà ní ìkọ̀kọ̀, tí a ní láti tú odindi ọkọ̀ kí a tó rí i, tuntun tí ó dára ni kí a fi sí i. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá sì ti wà nílẹ̀, kí a pààrọ̀ pléètì, ìdérí, béárìn méjèèjì àti síìlì tí ń dá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì yẹ ojú fúláíwíìlì wò bóyá ó ti jóná tàbí ó ti sán.

Nínú MX-5, ọ̀rọ̀ yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Férémù irin gígùn kan wà tí ó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ dífù lábẹ́ ọkọ̀. A ní láti tú férémù yìí, kí a yọ pùròpẹ́là, kí a sì yọ sàlẹ́ńsà apá kan, kí gíábọ́ọ̀sì tó lè sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin kejì: kí a mọ àrùn kí a tó ra oògùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tìtorí làpálàpá gé ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun nítorí pé gíà kò wọlé mọ́, tí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì sì rì mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ fùlùfúlù. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Sìlíńdà kékeré ìsàlẹ̀, tí ó wà lára gíábọ́ọ̀sì níta, ni ó ń jò. Bóòtù méjì ni ó dè é mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọkọ̀ yìí, sìlíńdà náà wà lára ohun tí ó máa ń tètè bàjẹ́. Nítorí náà, bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ kò lọ, pléètì ni kí a fura sí. Ṣùgbọ́n bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá tú dáadáa, tí gíà ń han bí a bá fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo omi kílọ́ọ̀ṣì inú ike rẹ̀ àti sìlíńdà ìsàlẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gíà kejì. Ọ̀pọ̀ MX-5 àtijọ́ ni gíà kejì wọn máa ń le láti wọlé ní òwúrọ̀ nígbà tí ọ́ìlì bá ṣì tutù, tí yóò sì rọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sáré lọ ra gíábọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó mọ̀ yóò kọ́kọ́ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, yóò sì bu tuntun tí ó tọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì àti ọ́ìlì dífù kì í ṣe ohun kan náà lójú gbogbo ẹni tí ń ta ọ́ìlì. Lára agolo wọn ni a ó ti rí àmì GL-4 tàbí GL-5. Eyín inú dífù ń yọ̀ lára ara wọn pẹ̀lú agbára ńlá, GL-5 ni ó sì lè dáàbò bò wọ́n. Ẹni tí ó bá bu GL-4 sínú dífù kí ó lè jèrè owó kékeré, eyín dífù ni yóò fi san án.

Òfin kẹta: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó láti fi ra ẹ̀yà. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì ti ẹ́ńjìnnì 1.6 fẹ̀ ní mìlímítà 200, ti 1.8 fẹ̀ ní mìlímítà 215. Bí ẹnì kan bá ń ta “kílọ́ọ̀ṣì MX-5” ní ọ̀pọ̀, tí ẹ kò béèrè èwo ni, ẹ lè gbé ohun tí kò ní wọlé dé ilé. Dífù náà rí bẹ́ẹ̀. Eyín ńlá inú dífù 1.6 àkọ́kọ́ fẹ̀ tó íǹṣì 6, ti 1.8 tó íǹṣì 7, ó sì lágbára jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí dífù 1.6 wọn bá fọ́ fi ń wá dífù 1.8 àlòkù. Ọgbọ́n ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n dífù 1.8 kò gba ṣáàfù 1.6, ojú ibi tí pùròpẹ́là ti so mọ́ ọn kò sì bá ti 1.6 mu. Ẹni tí ó bá ra dífù nìkan ti ra òkúta sílé. Kí ó ra dífù, ṣáàfù méjèèjì àti pùròpẹ́là láti ara ọkọ̀ 1.8 kan náà, kí ó sì san owó gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò gbọ́ mi dáadáa, nítorí àpẹẹrẹ rere nìyí fún kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni í gbàgbọ́ pé gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́fà sàn ju oní-gíà márùn-ún lọ, pé gíà kẹfà yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lójú ọ̀nà gígùn. Gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́fà dé sínú MX-5 nígbà tí ó yá, owó rẹ̀ sì ga ju ti márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ìpín gíà karùn-ún nínú gíábọ́ọ̀sì oní-márùn-ún jẹ́ 0.814. Ìpín gíà kẹfà nínú oní-mẹ́fà jẹ́ 0.843. Dífù 1.6 àkọ́kọ́ jẹ́ 4.3. Bí a bá sọ 0.814 di ìlọ́po 4.3, a ó rí 3.50: kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí ní ìgbà 100, ẹ́ńjìnnì ti yí ní ìgbà 350. Bí a bá sọ 0.843 di ìlọ́po 4.3, a ó rí 3.62: ẹ́ńjìnnì ti yí ní ìgbà 362. Ẹ ò rí i! Ẹni tí ó san owó púpọ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè sinmi ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí gíà mẹ́fà ń ṣe ni pé ó mú àwọn gíà súnmọ́ ara wọn, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ń sáré ìje. Kò wúlò fún ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ẹ́ńjìnnì ni a ń wá, dífù 1.8 tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 4.1 ni yóò fún wa: 0.814 nígbà 4.1 jẹ́ 3.34, ìyẹn ìgbà 334 dípò 350. Ṣùgbọ́n òun náà ní owó orí tirẹ̀, kì í sì í ṣe owó nìkan. Ara gíábọ́ọ̀sì ni aago ìwọ̀n eré ti ń ka eré ọkọ̀, kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ dífù. Bí aago náà bá ń sọ òótọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ó bá kà 70 máìlì ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti ń sáré ju 73 lọ. Awakọ̀ yóò rò pé òun ń pa òfin mọ́, òun sì ti rú u. Àfi kí a pààrọ̀ eyín kékeré tí ń darí aago náà. Ẹ̀yà tí a bá yàn lè yí ohun tí ojú wa ń rí padà. Kí a mọ̀ ọ́n kí a tó jáde sójú títì.

Òfin kẹrin jẹ́ ti àlòkù. Mo mọ̀ pé àwọn kan kórìíra àlòkù pátápátá. Èmi kò kórìíra rẹ̀. Irin tí ó nípọn, tí kì í tètè jẹ, bí ilé gíábọ́ọ̀sì, odindi dífù, pùròpẹ́là àti férémù, àlòkù rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ohun tí ń jẹ nípa fífi ara gbo ara, bíi pléètì, béárìn, síìlì àti rọ́bà, tuntun ni kí a rà. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ: eyín ńlá àti eyín kékeré inú dífù ti jẹ pọ̀, wọ́n ti mọ ara wọn lára. A kì í mú eyín kan láti inú dífù yìí kí a fi pàdé eyín inú dífù mìíràn. Odindi ni kí a mú.

Kí ẹ tó sanwó àlòkù, ẹ béèrè nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi tú ọkọ̀ náà: ọkọ̀ tí wọ́n gbá níwájú lè ní dífù tí ó yè kooro, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbá lẹ́yìn, ẹ sá fún dífù rẹ̀. Ẹ yọ ìdè ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ wo ọ́ìlì tí ó jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún irin nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ gbọ́ bí ó ti ń dún. Ẹ gba rìsíìtì tí a kọ ọjọ́ ìdápadà sí. Olótìítọ́ oníṣòwò kì í bínú sí ìbéèrè. Ẹni tí inú bá ń bí nítorí pé a béèrè, owó wa ni ó ń wò.

Ní ilé níbí, n kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní MX-5. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin láti ra kílọ́ọ̀ṣì fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ojúlówó wà níbẹ̀, àlòkù wà níbẹ̀, ayédèrú tí wọ́n kó sínú páálí ojúlówó náà wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi wé tuntun: ẹ ka eyín, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ mọ bí ó ti wúwo tó. Kí ẹ sì bá mẹkáníìkì yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́. Bí ó bá béèrè pé, “Ṣé kò sí béárìn ni?”, ẹ má mi orí sí i bí mo ti ṣe.

Àbúrò mi ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà ti di olùkọ́. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ra ohunkóhun, ọmọ náà a máa bi mí léèrè pé, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ ti ra béárìn mọ́ ọn?” A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó lò nílé nígbà náà, n kò lè rà á padà ní ọjà kankan.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Mo ti mú ibi pẹlẹbẹ náà hàn yín. Ó kù sọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti bá wa bù ú. Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ padà fún yín.